Páílọ́ọ̀tì Ogun Tí Ó Fẹ́ Máa Gbé Èrò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́

 

Ní ọjọ́ tí a ka ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ òfurufú, bàbá kan láàrin yín bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹni tí Ìjọba fún ní bàálù tí ń yára ju ìró lọ, tí àwọn ṣọ́jà ń bẹ́rí fún, kí ló lè mú un fi í sílẹ̀, kí ó lọ máa kó èrò kiri bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó, mo sì rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ti ń yan iṣẹ́ ni, nígbà tí iṣẹ́ méjì bá wà níwájú rẹ̀ tí méjèèjì sì dára. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú yín lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni n ó sọ, nítorí pé ní ilẹ̀ wọn, ọ̀nà láti inú ọkọ̀ ogun sí inú ọkọ̀ èrò ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ti là. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ òfurufú ni a ń pè ní páílọ́ọ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ náà mú, a ó máa lò ó títí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ di páílọ́ọ̀tì ogun ní Amẹ́ríkà kì í san owó ẹ̀kọ́. Ìjọba ni yóò kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ náà ń gbà tó bí ọdún kan, owó tí ó sì ń jẹ pọ̀ gan-an. Ti ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ìjà ń di mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan kí ó tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìjọba kò sì ya òpè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò sìn wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú, ọdún 10 ni. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́ ológun ni a ti ń ka ọdún 10 yìí o. Ọjọ́ tí ó parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi àmì ìyẹ́ sí i láyà ni ìkà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ káfíńtà mọ irú èyí dáadáa. Ọ̀gá kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ náà yóò sìn ín kí o tó gba fúrídọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan. Kò ní orúkọ, àpẹẹrẹ lásán ni. Ó wọ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún 22. Ó gba ìyẹ́ ní ọmọ ọdún 24. Nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún 34, ọdún 10 pé, gbèsè tán. Ó ti fẹ́ ìyàwó, ọmọ méjì ti wà nílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, ìwé méjì sì wà lórí tábìlì níwájú wọn.

Ìwé kìn-ín-ní ti ọ̀dọ̀ Ìjọba wá. Ìjọba ní kí ó má lọ. Wọ́n ní àwọn yóò fi owó kún owó oṣù rẹ̀ bí ó bá tún tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún mélòó kan sí i. Ní ọdún 2024, owó àfikún yìí lè tó $50,000 lọ́dún kan. Kò tán síbẹ̀. Bí ó bá lo ọdún 20 pé nínú iṣẹ́ ológun, yóò máa gba owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní pẹ́ńṣọ̀n, títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Fún ẹni tí ó fi ọdún 20 sìn lábẹ́ ètò àtijọ́, ó jẹ́ ìdajì owó oṣù. Fún àwọn tí ó wọṣẹ́ láti ọdún 2018, ó jẹ́ 40 nínú 100, ṣùgbọ́n Ìjọba ń bá wọn fi owó pamọ́ sí ibòmíràn. Ọkùnrin wa ti lo ọdún 12. Ó ku 8. Ní ọmọ ọdún 42 péré, yóò di ẹni tí ń gba pẹ́ńṣọ̀n, ara rẹ̀ yóò sì le síbẹ̀.

Ẹ óò ní, kí ló tún ń rò sí? Kí ó jókòó sí ibi tí ó wà!

Ẹ ní sùúrù. Iṣẹ́ ológun ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ní kí ó kó ẹrù, ó di ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tuntun. Ìyàwó á fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà mìíràn wọn á rán an lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó ń dun àwọn páílọ́ọ̀tì ju gbogbo èyí lọ. Bí ipò ọ̀gá ológun ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó wọṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn àtifò, wọn á gbé e ti tábìlì, wọn á kó fáìlì fún un. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ tí ó mọ ọkọ̀ wà jù, tí ó ní kí ó wá máa ka tíkẹ́ẹ̀tì, inú awakọ̀ náà yóò ha dùn bí?

Ìwé kejì ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò wá. Wọ́n ní kí ó máa bọ̀. Ẹ wá fetí sílẹ̀ níbi yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so mọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí o wọlé ni ipò rẹ. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́, wọn yóò fún ọ ní nọ́ńbà. Ẹni tí ó wọlé lánàá wà níwájú rẹ. Ẹni tí yóò wọlé lọ́la yóò wà lẹ́yìn rẹ. Wọn kì í wo ọjọ́ orí. Wọn kì í wo ipò tí o wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ó dà bí agbo ilé wa gan-an. Obìnrin tí a gbé wọlé lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni 40 ọdún, ìyàwó ni. Ọmọ 25 ọdún tí ó bá nílé ni ìyálé rẹ̀, yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun tí ó ti pàṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kí ó jókòó ní àga igbá-kejì, kí ọ̀gá ọkọ̀ sì jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tirẹ̀.

Nọ́ńbà yìí ni yóò sọ ìlú tí ìwọ yóò ti máa ṣiṣẹ́. Òun ni yóò sọ irú ọkọ̀ tí ìwọ yóò wà, àti ìgbà tí ìwọ yóò di ọ̀gá ọkọ̀. Ta ni yóò wà nílé ní ọjọ́ Kérésìmesì, ta ni yóò wà lójú òfurufú? Nọ́ńbà ni. Bí o bá sì fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, nọ́ńbà rẹ kò bá ọ lọ. Ìwọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ìyàwó tí ó kọ ọkọ kan tí ó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ìṣirò ọkùnrin wa. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé páílọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọmọ ọdún 65. Títí di ọdún 2007, 60 ni. Bí ó bá wọlé ní 34, yóò fi ọdún 31 fò. Bí ó bá dúró gba pẹ́ńṣọ̀n, tí ó wọlé ní 42, ọdún 23 ni yóò fò. Ọdún 8 ni ìyàtọ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n bá gbà láàrin ọdún 8 yẹn yóò wà níwájú rẹ̀ títí tí àwọn tàbí òun yóò fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọdún tí ó sì pàdánù kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ tí owó kéré. Ti òpin ni, nígbà tí ó ti di ọ̀gá lórí ọkọ̀ ńlá tí owó pọ̀ jù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ìdajì owó oṣù títí ọjọ́ ikú wà ní ọwọ́ kan. Ọdún 8 ní orí àga ọ̀gá wà ní ọwọ́ kejì.

Bí ìyàwó rẹ̀ bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, yóò bi í léèrè ohun kan: "Bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́?" Nítorí nọ́ńbà yìí ní ojú mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kí ó lọ jókòó sílé. Ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 2001, àwọn apanilẹ́rù fi ọkọ̀ òfurufú kọlu ilé gogoro ní New York. Ẹ̀rù ba àwọn èrò, ọkọ̀ ṣófo, ilé-iṣẹ́ sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún páílọ́ọ̀tì dúró. Àwọn kan jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ ajé tún dojú rú ní ọdún 2008. Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, bàálù dùbúlẹ̀ ní pápá bí màlúù tí kò rí koríko. Ìjọba Amẹ́ríkà ní láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ san owó oṣù. Ọ̀pọ̀ àgbà páílọ́ọ̀tì gba owó, wọ́n fẹ̀yìn tì ṣáájú ọjọ́. Nígbà tí èrò wá padà, kò sí ẹni tí yóò gbé wọn! Ní ọdún 2022 ilé-iṣẹ́ ń wá páílọ́ọ̀tì lójú méjèèjì. Ẹni tí ó wọlé ní ọdún yẹn rí ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Ẹni tí ó wọlé ní oṣù August ọdún 2001, tí òun náà sì mọ iṣẹ́ bákan náà, rí òkúta. Lójú tèmi, kò sí ìṣirò tí ó lè sọ èyí fún ènìyàn ṣáájú.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbà. Ẹni tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun lè wọ ẹgbẹ́ ológun àpamọ́. Àwọn wọ̀nyí ní iṣẹ́ tiwọn nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọjọ́ mélòó kan nínú oṣù ṣiṣẹ́ ogun. Ọdún wọn ń pọ̀ sí i síbẹ̀. Bí ó bá pé 20, pẹ́ńṣọ̀n yóò wà, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró di nǹkan bí ọmọ ọdún 60 kí wọ́n tó san án. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994 sọ pé bí Ìjọba bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ogun, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa àyè rẹ̀ mọ́ dè é, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó rẹ̀ má rò pé ọkọ òun yóò wà nílé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìwé àṣẹ, èyí tí a ń pè ní láísẹ́ǹsì. Láísẹ́ǹsì ti ológun kò tó fún àtigbé èrò. Ní ọjọ́ 12 oṣù February ọdún 2009, ọkọ̀ èrò kan já lu ilé kan nítòsí ìlú Buffalo. Ènìyàn 50 ni ó kú, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ẹbí òkú kò dákẹ́. Wọ́n tọ àwọn aṣòfin lọ títí òfin fi yí padà. Láti ọdún 2013, ẹni tí yóò jókòó níwájú ọkọ̀ èrò, ìbáà jẹ́ igbá-kejì, gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500. Ṣùgbọ́n wọ́n gba páílọ́ọ̀tì ogun láyè pẹ̀lú wákàtí 750, nítorí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ le. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ológun máa ń tètè ní wákàtí púpọ̀, nítorí ìrìn rẹ̀ jìn. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ìjà, wákàtí kan tàbí méjì, ó ti padà délé. Dókítà náà ń bẹ níbẹ̀: ẹni tí kò bá tí ì pé 40 ọdún ń rí dókítà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹni tí ó bá ti pé 40 kí ó tó lọ, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 6. Bí ojú tàbí ọkàn bá kọ̀, iṣẹ́ dúró.

Bàbá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ní, bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Bàbá, ẹ má bínú, n ó ta kò yín díẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìjà, ènìyàn lè dá wà, kí ó yí ọkọ̀ po bí àwòdì. Nínú ọkọ̀ èrò, ènìyàn méjì ló ń wà á, wọn yóò máa ka ìwé fún ara wọn, "Èyí ńkọ́?" "Ó ti wà." Bí igbá-kejì bá rí àṣìṣe ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ àtúnṣe lẹ́nu ọmọdé, kí ó má wá. Iṣẹ́ náà sì ń rí bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí nǹkan yóò ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù January ọdún 2009, ọkọ̀ kan gbéra ní New York. Kò pẹ́, ọ̀wọ́ ẹyẹ ńlá wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, agbára wọn sì tán. Ènìyàn 155 ló wà nínú rẹ̀. Chesley Sullenberger, tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, ti wa ọkọ̀ ìjà fún ẹgbẹ́ ológun òfurufú kí ó tó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ní ọdún 1980. Ó gbé ọkọ̀ náà lé orí odò Hudson. Gbogbo 155 ló yè. Ní oṣù April ọdún 2018, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn fọ́ lójú òfurufú, irin sì fọ́ fèrèsé. Obìnrin kan tí ó jókòó níbẹ̀ kú. Àwọn yòókù délẹ̀ láyọ̀ ní Philadelphia. Obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, Tammie Jo Shults ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti wa ọkọ̀ ìjà fún ẹgbẹ́ ológun ojú omi. Ẹ̀yin ìyá mi, mo rí i pé ẹ ń mi orí!

Títí di ìsinsìnyí, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tí ó ní orúkọ.

Marlon Green ni. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni. A bí i ní Arkansas ní ọdún 1929. Ó di páílọ́ọ̀tì ológun òfurufú, ó sì fò ju wákàtí 3,000 lọ nínú ọkọ̀ ńlá. Ní ọdún 1957 ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ máa gbé èrò. Òun náà ní ìyàwó àti ọmọ. Kò sí ẹni tí ó fi ìwé kankan sórí tábìlì rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ńlá Amẹ́ríkà kì í gba páílọ́ọ̀tì dúdú. Ó kọ̀wé síhìn-ín, ó kọ̀wé sọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nígbà tí ó ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ Continental, kò kọ nǹkan kan sí ibi tí wọ́n ti béèrè irú ẹ̀yà tí ó jẹ́. Kò sì fi fọ́tò sínú ìwé náà. Wọ́n bá pè é wá sí Denver. Ìgbà tí ó wọlé ni wọ́n tó rí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n dán an wò lójú òfurufú, ó mọ̀ ọ́n wà. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tí wákàtí wọn kò tó tirẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọn kò gba òun.

Ó pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ Colorado tí ń gbógun ti irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Àjọ náà dá a láre. Ilé-iṣẹ́ kò gbà, wọ́n lọ sí kóòtù, kóòtù Colorado sì dá ilé-iṣẹ́ láre. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ó ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn kò sí lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹjọ́ náà gun òkè títí ó fi dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Washington. Ní ọjọ́ 22 oṣù April ọdún 1963, gbogbo àwọn adájọ́ fi ohùn ṣọ̀kan pé Green ló jàre, pé òfin Colorado mú ilé-iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ American Airlines gba David Harris, páílọ́ọ̀tì ológun tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọ̀ Harris mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè má mọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé dúdú ni òun, wọ́n sì gbà á síbẹ̀. Nítorí náà, ẹlòmíràn ti wọ ẹnu ọ̀nà kí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó tó wọlé. Ní ọdún 1965 ni Green tó wọ aṣọ Continental. Ọdún 8 ni ó wà láàrin ọjọ́ tí ó bọ́ aṣọ ológun àti ọjọ́ yẹn. Ẹ rántí ìṣirò ọdún 8 tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó fò fún wọn títí di ọdún 1978. Ó kú ní ọdún 2009, nígbà tí ó sì di ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan náà tí kò fẹ́ rí i kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọkọ̀ Boeing 737 kan.

 Bàbá, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ẹni tí ó bá tún ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè.